Ọ̀pá Omi Tó Dúró Lókè Fèrèsé

Òórùn ilẹ̀ pupa tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sí lára a máa dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo mọ obìnrin kan ní Ṣakẹ́tẹ́ tó máa ń bu ilẹ̀ náà lá nígbà tó lóyún, tó ní kò sí ohun tó dùn tó o láyé. Èmi náà fẹ́ràn òórùn yẹn nígbà kan. Ṣùgbọ́n láti ọdún tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, bó bá ti gba ojú fèrèsé wọlé, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni kí n jáde síta, kí n gbójú sókè wo igun ilé wa lápá ọ̀tún, níbi tí ọ̀pá omi òjò ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti etí páànù. Mo mọ̀ pé ọ̀pá náà dúró ṣinṣin. Mo mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe é. Síbẹ̀ màá wò ó kí n tó padà wọlé.

Ìwọ tí a jọ dàgbà ní Ṣakẹ́tẹ́, o mọ bí omi ti ṣọ̀wọ́n tó lọ́dọ̀ wa. O rántí kànga ẹ̀yìn ọjà, bí okùn rẹ̀ ti gùn tó, tí a ó fà á títí tí àtẹ́lẹwọ́ wa á fi máa ta wá, tí omi tó bá sì jáde á jẹ́ omi pupa tí a ní láti dúró kó tòrò kó tó ṣeé mu. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé wa ní Pobẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́. Mi ò béèrè ilẹ̀ tó ń dán, mi ò béèrè pálọ̀ tó gba ogún ènìyàn. Mo ní kí òjò tó bá rọ̀ sórí òrùlé wa má ṣe ṣòfò. Mo fẹ́ sitẹ́ẹ̀nì lẹ́yìn ilé ìdáná, kòtò ńlá tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ nínú, kí omi òjò máa gba inú ọ̀pá lọ síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Omi á wá bá ọ nílé bí àlejò.” Ó sì gbẹ́ sitẹ́ẹ̀nì náà lóòótọ́, ó rẹ́ ẹ, ó dé e lórí.

Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ni ó ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ṣe. Kò sí abúlé láàrin Towé àti Yoko tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, nítorí pé bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò lọ̀, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan, mo sì ń sọ ọ́ sí i létí nígbà tó wà láàyè, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń sọ ọ́: kò mọ bí a ti ń parí iṣẹ́ nínú ilé ara rẹ̀. Ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn á parí. Tiwa, ìkángun rẹ̀ á kù sílẹ̀. Rédíò wa kò ní ẹ̀yìn, a máa ń rí ìfun rẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná kò ní ọwọ́, orí ṣíbí kan tí a tẹ̀ kọdọrọ ni mo fi ń ṣí i. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, á ní, “Ó kù díẹ̀.” Ìwọ náà mọ̀ mí, aránṣọ ni mí, aṣọ tí a ò bá ṣẹ́ etí rẹ̀ kì í ṣe aṣọ lójú mi. Mo máa ń sọ fún un pé bí iṣẹ́ ò bá pẹ́ni, a kì í pẹ́ iṣẹ́. Á gbá mi léjìká, á ní, “Ìyá aránṣọ, ó kù díẹ̀ náà ni.” Ìbínú mi á sì lọ, nítorí ẹni tó mọ ẹ̀rín rín ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ọ̀pá omi òjò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ ẹ̀yà Gún láti Àjàṣẹ́, púlọ́ńbíyè tó mọ iṣẹ́ omi dáadáa, ló wá ṣe é fún wa. Ó fi agbomi sí etí òrùlé yí ilé ká, ó gbé ọ̀pá náà sọ̀ kalẹ̀ ní igun ọ̀tún, ó há a mọ́ ògiri dé òkè fèrèsé yàrá wa. Ibẹ̀ ni irin tí ó fi ń há a ti tán. Ọkọ mi ní òun á ra èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Àjàṣẹ́, èyí tí kò ní dípẹtà. Wọ́n kó ìyókù ọ̀pá náà àti ìgúnpá rẹ̀, èyí tó máa ń yí omi sọ́nà ibòmíràn, sẹ́yìn ilé ìdáná. Ọ̀pá bá dúró lókè fèrèsé, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Òjò ti dá nígbà náà, ọyẹ́ ti ń fẹ́. Nígbà tí mo ráhùn, ọkọ mi na ọwọ́ sí ojú ọ̀run tó mọ́ fefe, ó ní, “Òjò dà? Ó kù díẹ̀.”

Ọyẹ́ yẹn kò tíì tán tó fi kú. Ó ti Towé dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní àyà ń dun òun, ó ní kí n gbé omi kaná fún òun kí òun fi wẹ̀. Mo gbé omi kaná, mo bù ú sínú korobá, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, mo pè é. Mo tún pè é. Kí omi náà tó tutù, ọkọ mi ti tutù. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí rẹ̀, nítorí títí di òní, mi ò lè wo korobá yẹn.

Nínú ẹbí ọkọ mi, ẹni tó bá kọ́ ilé, ẹ̀gbẹ́ ilé náà ni wọ́n ń sin ín sí, lápá ọ̀tún, kó lè máa wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lábẹ́ oòrùn tó ń jó wọn lórí. Èmi wà nínú yàrá láàrin àwọn obìnrin ìjọ wa tí wọ́n wọ aṣọ funfun, tí wọ́n ń kọrin tí mi ò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Púlọ́ńbíyè wà lára àwọn tó gbé pósí. Gbogbo wọn ló ń wo ilẹ̀, bí a ti ń wo ilẹ̀ níbi òkú. Kò sí ẹnì kankan tó gbójú sókè. Bí ẹnì kan bá gbójú sókè ni, ì bá rí ẹnu ọ̀pá náà lókè orí rẹ̀ gan-an.

Àṣà wọn kan tún wà tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí onílé bá kú, wọn kì í kan ìṣó, wọn kì í po sìmẹ́ńtì, wọn kì í fi ayùn rẹ́ ohunkóhun nínú ilé náà títí ọdún á fi yípo. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó jẹ́ bàbá gbogbo wa nínú ẹbí náà, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sinmi, etí rẹ̀ ṣì wà nílé. Bó bá gbọ́ òòlù, á rò pé wọ́n ń pe òun síṣẹ́, á dìde, kò sì ní lè dé ibi tó ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ojú oórì fi wà ní erùpẹ̀ lásán, òkìtì pupa kan tí a to òkúta yí ká, tó ń dúró de ọdún tí a ó rẹ́ ẹ. Mo rò pé àṣà tó dára ni. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó dára.

Òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán kan tí mo ń lọ aṣọ. Òórùn ilẹ̀ kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ni ariwo páànù. Lẹ́yìn èyí ni mo gbọ́ ohùn mìíràn lábẹ́ fèrèsé yàrá, omi tó ń ti òkè já lulẹ̀ wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀, láìdáwọ́ dúró. Mo sáré jáde. Gbogbo omi apá ọ̀tún òrùlé ni ọ̀pá yẹn kó jọ, tó wá ń dà á ní ojú kan ṣoṣo, sórí ọkọ mi. Erùpẹ̀ ń fọ́n káàkiri, omi pupa ń ṣàn gba àárín àwọn òkúta. Mo gbé ọpọ́n ìfọṣọ síbẹ̀, ó kún kí n tó yíjú padà. Mo dà á nù, ó tún kún. Inú bí mi, ọ̀rẹ́ mi. Mo dúró nínú òjò, mo ń bá erùpẹ̀ wí. Mo ní, “Ṣé o rí i? Ṣé o rí ‘ó kù díẹ̀’ rẹ?” Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà, tirẹ̀, orí ara rẹ̀ ni òkò náà bà. Lẹ́yìn náà ni àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nígbà tí òjò dá, mo ránṣẹ́ sí púlọ́ńbíyè. Ó wá lórí ọ̀kadà, ó gbé ẹ̀rọ tí ó fi ń lu ògiri dání. Nígbà tó rí ibi tí omi ti gbẹ́ orí oórì náà, ó bo ẹnu rẹ̀, ó sọ ohun kan ní èdè Gún tí kò yé mi. Kò tíì rí ibi tí yóò ti fi wáyà ẹ̀rọ rẹ̀ sí iná mọ̀nàmọ́ná tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi yọ. Ẹnì kan ti lọ sọ fún un.

Ó ní, “Kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ yẹn ṣe?”

Púlọ́ńbíyè dọ̀bálẹ̀. “Bàbá, ọ̀pá omi ni a fẹ́ parí.”

“Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kan ìṣó mọ́ ògiri yìí. Ọdún kò tíì yípo.”

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ wo ohun tí omi ń ṣe sí i.” Ó wò ó. Ó dùn ún, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní, “Ìyàwó wa, kì í ṣe orí rẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. A ò ní fi àṣà gbogbo ilé ṣeré nítorí ọ̀pá.” Púlọ́ńbíyè ká wáyà ẹ̀rọ rẹ̀, kò lè wò mí lójú. Mi ò pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ìkà, bí àwọn ẹbí mi ní Ṣakẹ́tẹ́ ti pè é. Òun ló gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ń bẹ̀rù pé àbúrò òun á gbọ́ òòlù, á sì dìde.

Mo bẹ̀rẹ̀ ogun tèmi nìkan. Mo fi àkísà dí ẹnu agbomi lókè, omi bá padà sínú àjà, ó sì rin ògiri yàrá títí tó fi wú. Mo yọ àkísà. Mo wá páànù kan bo oórì náà, mo fi búlọ́ọ̀kù tẹ̀ ẹ́ lórí. Ìyẹn dá omi dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀! Lábẹ́ fèrèsé tí mo ń sùn sí, gbogbo òjò ló wá dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, tó ń kàn án, tí ẹnikẹ́ni ò dá lóhùn. Mo gbé ibùsùn mi lọ sí pálọ̀. Àwọn aládùúgbò ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ara nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa, èmi sì mọ ẹni tí èyí ń pa. Oórì náà ti ń rì lápá orí. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí òjò ńlá bá dé, ilẹ̀ á là, a ó sì rí ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ rí.

Òjò ńlá náà dé ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń ṣẹ́ etí búbà fún oníbàárà kan tó jókòó tì mí, nígbà tí ojú ọ̀run ṣú láti apá Towé. Ìjì kọ́kọ́ kọjá. Mo ju aṣọ sílẹ̀, mo ní kí oníbàárà máa bá mi wo ṣọ́ọ̀bù, mo sáré lọ sílé. Ìjì ti gbé páànù náà lọ, búlọ́ọ̀kù ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi ń já bọ́ ní ìṣù kan, ó sì ti gbẹ́ ihò sí apá orí oórì, ihò tó lè gba apá mi dé ìgúnpá. Mo gbé ọpọ́n. Nígbà tí ọpọ́n kò tó, mo fi ara mi sábẹ́ omi náà. Mo dúró, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, omi ń bà mí ní ẹ̀yìn, ó ń pín sí ọ̀tún àti òsì. Ó wúwo, ó sì tutù. Ohun tí mo ń rò kò ju kí ó má ṣáà bà á.

Bí mo ti wà nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi dé. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pè é lọ́jọ́ yẹn. Ó ní nígbà tí òun rí òjò náà tó ń bọ̀, òun ò lè jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agboòrùn, ó wò mí. Lẹ́yìn náà, ó gbójú sókè wo ẹnu ọ̀pá. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ tó wò ó nìyẹn. Ó pa agboòrùn dé, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi sápò, ó lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó sì gbé ọ̀pá tó kù wá ní èjìká.

Ó ní, “Mú okùn wá.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ ní a ò gbọdọ̀...”

“Ìṣó ni mo sọ. Ṣé mo dárúkọ okùn?”

Kò sí okùn nílé. Mo wọlé, mo da àpò ègé aṣọ tí mo ti kó bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, gbogbo ìyókù aṣọ ará Pobẹ̀, ti ìgbéyàwó, ti ìsọmọlórúkọ, ti òkú. A lọ́ wọn pọ̀. Ó dúró lórí àga, ó ki ọ̀pá bọ ọ̀pá lábẹ́ omi tó ń dà sí i lójú, èmi sì ń dè é mọ́ irin fèrèsé, mo ń ta á ní kókó bí a ti ń ta á nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. A ki ìgúnpá bọ̀ ọ́ nídìí, a fi ọ̀pá kejì tẹ̀ lé e, a gbé e lé orí igi ẹlẹ́ka kan gba ẹ̀gbẹ́ ilé dé ẹ̀yìn. Omi náà gbọ̀n jìgìjìgì nínú ọ̀pá, ó dúró díẹ̀ bí ẹni ń ronú, ó wá kọjá. A gbọ́ ọ tó bọ́ sínú sitẹ́ẹ̀nì. Lórí oórì, kìkì òjò tí Ọlọ́run ń rọ̀ sórí gbogbo ènìyàn ló kù.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé, ó fi ọwọ́ kó ẹrẹ̀ sínú ihò náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ó ní, “Àbúrò mi kò fẹ́ràn òtútù.” Ó ń tẹ ẹrẹ̀ náà títí òjò fi dá.

Bí ilé wa ti lo ìyókù àsìkò òjò nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀pá tí a fi ègé ankárá dì bí ẹsẹ̀ tó kán. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Omi ń jò níbi oríkèé, mo ń jáde lọ fún aṣọ le, mo ń lọ́ ọ, mo ń tún un dè. Mo wá fẹ́ràn iṣẹ́ náà láìmọ̀. Bí mo bá ń fún kókó le, mo máa ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, mo máa ń bú u díẹ̀. Mo máa ń sọ pé ìwọ ló yẹ kó máa ṣe èyí, ọkùnrin yìí. Mo sì tún gbé ibùsùn mi padà sí yàrá.

Nígbà tí ọdún yípo, tí a ti ṣe ìrántí rẹ̀ tán, púlọ́ńbíyè padà wá. Kò jẹ́ kí n rọ̀ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó tú àwọn ègé aṣọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ká wọn, ó kó wọn fún mi lọ́wọ́ bí ẹni ń kó ohun olówó iyebíye. Ó rẹ́ ọ̀pá kó dọ́gba, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ oríkèé, ó fi irin tó nípọn há a mọ́ ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ri ìyókù rẹ̀ sínú ilẹ̀ gba ẹ̀yìn lọ, ó fi àwọ̀n sí ẹnu rẹ̀ lókè kí ewé má ṣe dí i. Ó kùn ún ní ọ̀dà tó bá ògiri mu. Másọ́nnì kan tó ń mọlé wá rẹ́ oórì. Mo jókòó lórí àpótí, mo ń gbọ́ òòlù, kò sì sí ẹni tó dìde. Nígbà tí púlọ́ńbíyè nu ọwọ́ rẹ̀ tán, ó ní, “É nyọ́, màmá, ó dára. Ó parí.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì pé tí òjò fi rọ̀ ní ọ̀sán. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá láti gbọ́ bí yóò ti rí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Páànù ń pariwo lókè, ṣùgbọ́n lábẹ́ fèrèsé, ó pa rọ́rọ́. Kò sí ohun tó ń jò. Kò sí kókó tí mo fẹ́ lọ fún. Ohun tí mo ti bẹ ọkọ mi fún láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ ilé náà ti wà níbẹ̀, ó pé, ó dára, ó dán. Ìgbà náà ni mo sunkún tí mi ò sun níbi òkú. Nítorí pé ní gbogbo ọdún yẹn, níbi kan nínú ọkàn mi tí mi ò fi han ẹnikẹ́ni, mo ti ń rò pé ọkùnrin yìí ṣì ń bọ̀ wá parí iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tó kù ni ohun tó kù fún mi lára rẹ̀. Èmi tí mo ń fi gbogbo ọjọ́ ayé ṣẹ́ etí aṣọ, mi ò mọ̀ pé etí tí a kò ṣẹ́ ni a fi ń mọ̀ pé onítọ̀hún ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Mo ń mu omi sitẹ́ẹ̀nì náà. Ó tutù, ó mọ́ ju ti kànga wa ní Ṣakẹ́tẹ́ lọ, ìwọ náà á mu nínú rẹ̀ bí o bá wá. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ wọ ilé ìdáná, orí ṣíbí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni wàá fi ṣí i. Lọ́jọ́ tí púlọ́ńbíyè parí ọ̀pá, ó rí ilẹ̀kùn náà, ó ní kí òun bá mi fi ọwọ́ sí i, pé kò ní pẹ́. Káfíńtà àdúgbò náà ti bi mí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ra ọwọ́ ilẹ̀kùn wá, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi pẹ̀lú àwọn ègé ankárá yẹn. Gbogbo ẹni tó bá bi mí, ohun kan náà ni mo ń sọ fún wọn. Mo ní, ó kù díẹ̀.